Lẹ́yìn Èjìká

Wọ́n ní ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò bí odi.
Èmi bí Akínọ̀ṣọ́ ní Kétu, ní ilé tó kángun sí Àkàbà,
mo bá a gbé fún ọdún méje.
Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, mo mọ̀.
Bí inú bá ń run ún, mo mọ̀.
Ohun tó ń rò, n kò mọ̀.

Ìjì ló tú àṣírí.
Ó ká páànù ilé kejì, ó là á mọ́lẹ̀ ní àgbàlá wa,
adìẹ fò, ewúrẹ́ já okùn, èmi gan-an ṣubú.
Ọmọ ọdún méjì kò tilẹ̀ yíjú.
Ó ń to kóró kajú sí ìlà,
ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan.
Ìyá ọkọ mi ní, “Olóríkunkun. Bíi bàbá ẹ̀.”
Mo gbàdúrà kó jẹ́ oríkunkun.

Télọ̀ ni mí. Bí mo bá ń ránṣọ,
á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pátákó ẹ̀rọ, á di ojú,
gbígbọ̀n igi á máa wọ inú eyín rẹ̀,
á máa rẹ́rìn-ín.
Mo ní eré ọmọdé ni.

Bàbá rẹ̀ gbé èrò lọ sí Pọbẹ̀ nígbà ọyẹ́.
Òru ni wọ́n gbé e dé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi sin ín.
Àwọn ẹ̀gbọ́n gbọ́ igbe, wọ́n béèrè, a sọ fún wọn,
wọ́n sunkún títí ó fi rẹ̀ wọ́n.
Akínọ̀ṣọ́ jí, ó bá orí mi ní fífá.
Ó fọwọ́ pa á. Ó wo ojú mi.
Kí ni kí n wí?
Mo nawọ́ sí títì.

Ọwọ́ tí mo nà yẹn!
Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti ń lọ dúró létí títì,
ó gbé sálúbàtà bàbá rẹ̀ mọ́ àyà,
alùpùpù kan á rọra, á sáré síwájú,
á wo ojú ẹni tó gùn ún,
á padà.
Ọdún méjì.
Bí mo bá fà á wálé, á bù mí jẹ.
Àpá eyín rẹ̀ ṣì wà lápá òsì mi, ẹ wò ó.
Wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ̀ ni. Ìbínú ni,
tí kò rí orúkọ tí yóò jẹ́.

Àjàṣẹ́ ni a ti bá Sẹ́nami pàdé,
olùkọ́ tó jẹ́ adití bíi tirẹ̀.
Omi. Ewúrẹ́. Abẹ́rẹ́. Ìyá.
Ó ní kí èmi náà wá máa kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé,
ìka mi tó mọ òwú gan bí igi lójú ọmọ mi,
ó ń tún un tò, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan.
Ohun tó ti kọjá, ẹ̀yìn èjìká ni à ń jù ú sí.
Ọjọ́ tó mọ ìyẹn, kò jẹun.
Ó dojú kọ mí: Bàbá. Lẹ́yìn èjìká. Níbo?

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjì, mo dojú wọn dé.
Ó di ọwọ́ mi mú, ó ṣí i padà.
Mo tún dojú rẹ̀ dé.
Ó sunkún ọdún méjì ní ọ̀sán kan.
Nígbà tó ṣe, ó ní: Ìwọ lo nawọ́ sí títì.
Mo ní: Bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní ọ̀rọ̀.

Kì í géni jẹ mọ́.
Bí inú bá bí i, á lu àyà, á sọ ìdí, ẹjọ́ rẹ̀ á gùn
ju ti agbẹjọ́rò lọ.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti wí.
Alẹ́ àná, iná lọ.
Mo rò pé a ó sùn.
Ó wá tọ́ọ̀ṣì rí, ó tàn án sí ọwọ́ mi,
ó ń dúró de èsì.